Kìlómítà 56: bí mo ṣe fi ẹsẹ̀ rin etíkun Tógò láti bọ́dà dé bọ́dà

1/ Ọ̀rọ̀ gígùn ni mo gbé wá lónìí, ẹ so fóònù yín mọ́ iná. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì rin gbogbo etíkun orílẹ̀-èdè kan, láti bọ́dà kan dé bọ́dà kejì. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló gbà mí. Tógò ni. 🧵

2/ Kí ẹnikẹ́ni tó ní irọ́ ni mò ń pa: gbogbo etíkun Tógò kò ju nǹkan bíi kìlómítà 56 lọ. Èkó sí Ìbàdàn tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Orílẹ̀-èdè náà rí bí ọ̀pá tí wọ́n gbé nàró: ó gùn lọ sókè ní ohun tó lé ní kìlómítà 500, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ tó kan omi kò fẹ̀ rárá.

3/ Kí ló wá gbé mi débẹ̀? Ìyá àgbà mi ni. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n Kumasi ni wọ́n ti ń tajà nígbà èwe wọn. Ní November 1969, ìjọba Busia ní Gáánà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Yorùbá pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní nínú àwọn tí àṣẹ yẹn lé. Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín, ẹ máa gbọ́.

4/ Ọ̀pọ̀ nínú wọn gba ọ̀nà etíkun wálé. Ìyá àgbà mi dé Lomé, owó tán, wọ́n bá dúró síbẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ń pe àwa Yorùbá ní Ànàgó, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe di Ìyá Ànàgó aláǹkárá. Ọdún mẹ́tàlélógún ni wọ́n lò. Ní January 1993, ìbọn lé wọn kúrò níbẹ̀ náà. Wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ìhà Bẹ̀nẹ̀, tí àwa ń pè ní Kútọnu.

5/ Lójú ọ̀nà, ní abúlé kan tó ń jẹ́ Gbodjomé, obìnrin kan tí kò mọ̀ wọ́n rí gbà wọ́n sílé fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọn ò tún padà síbẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo ní mò ń lọ sí Lomé, wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú: "Bá mi dé Gbodjomé. Ilé náà wà lẹ́yìn ọ̀wọ́ igi àgbọn, ó kọjú sí òkun. Bá mi sọ fún wọn pé *akpé*." Akpé, "ẹ ṣé" ni lédè Ewe àti Mina.

6/ Mo lè wọ mọ́tò o. Tí ọ̀nà bá dá, kò ní tó wákàtí méjì. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn ín, ni mo bá ní èmi náà á fi ẹsẹ̀ rìn ín. Àwọn àgbà ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí mo rí, àti ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sórí iyanrìn yẹn kí wọ́n tó bí èmi.

ỌJỌ́ KÌÍNÍ

7/ Mo bẹ̀rẹ̀ ní Kodjoviakopé, àdúgbò tó gbẹ̀yìn Lomé ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Olú-ìlú Tógò kò kàn súnmọ́ bọ́dà Gáánà o, ó fara tì í ni. Bí adìyẹ Lomé bá sá eré díẹ̀, Aflao ní Gáánà ló máa bá ara rẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, mo ń rò ó pé: ta ló ń kọ́ olú-ìlú sí ẹnu ibodè?

8/ Àwọn oníṣòwò ni. Ní àyíká 1880, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gba owó ibodè lórí ọtí àti tábà àti ẹ̀tù ní etíkun Gold Coast. Àwọn oníṣòwò bá ronú: bí a bá rìn díẹ̀ kọjá ibi tí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì dé ńkọ́? Wọ́n kọjá lóòótọ́, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí iyanrìn níbi tí ẹnì kan kì í ti í gba owó. Ẹ gbà á lẹ́nu mi: fàyàwọ́ ló bí Lomé. Ìdí nìyẹn tó fi wà lẹ́nu bọ́dà títí dòní.

9/ Jámánì gba ibẹ̀, ó sì sọ Lomé di olú-ìlú ní 1897. Etíkun yìí kò ní ibùdó tí ọkọ̀ ńlá lè sá sí. Ìgbì rẹ̀ ń ya lulẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá da òkúta, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ló ń kó ẹrù gba àárín rẹ̀, ẹrù àti èèyàn sì ń ṣòfò. Ní 1904 wọ́n parí afárá irin kan tó wọ inú òkun lọ. Ọkọ̀ ojú irin ń kó àgbọn wá láti ìhà Aného láti 1905, ó ń kó kòkó wá láti Kpalimé láti 1907. Àwọn òpó irin afárá náà ṣì dúró nínú omi. Ẹyẹ ló ń bà lé wọn báyìí.

10/ Àwọn Jámánì máa ń fọ́nnu pé Tógò ni àwòkọ́ṣe láàárín àwọn ilẹ̀ tí àwọn ń ṣàkóso. Ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ńlá tí wọ́n parí ní 1902 ṣì wà láàárín ọjà, ó rẹwà. Ṣùgbọ́n ìrántí tó kù lẹ́nu àwọn àgbà ibẹ̀ yàtọ̀: iṣẹ́ àfipáṣe, àti pàṣán 25, tí wọ́n á tún fi ẹyọ kan lé e "ti Kaiser." Ẹni tó bá ń na èèyàn ló máa ń pe ara rẹ̀ ní àwòkọ́ṣe.

11/ Ní August 1914, ogun àgbáyé bẹ̀rẹ̀. Àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì wọ Lomé láti Gold Coast, Faransé wọlé láti Dàhómì. Oṣù kan kò pé tí Jámánì fi gbé ọwọ́ sókè, ní 26 August. Àwọn méjèèjì bá pín ilẹ̀ náà bí ẹran. Faransé gba apá tó tóbi, pẹ̀lú Lomé àti gbogbo etíkun. Apá Gẹ̀ẹ́sì dìbò ní 1956, ó sì bá Gáánà lọ. Bí wọ́n ṣe fi ìlà gé àwọn Ewe sí méjì nìyẹn. Orí ìlà yẹn gan-an ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn mi.

12/ Mo rìn gba etí omi kọjá iwájú ọjà ńlá. Ẹ fi ọ̀wọ̀ kọjá níbẹ̀ o. Ní January 1933, nígbà tí ọjà ayé dẹnu kọlẹ̀, Faransé fi kún owó orí, wọ́n sì ti àwọn aṣáájú tó ní kò lè ṣeé ṣe mọ́lé. Àwọn obìnrin ọjà Lomé ló tú sí ìta. Ìlú mì, títí wọ́n fi tú àwọn tí wọ́n tì mọ́lé sílẹ̀.

13/ Àwọn ọmọ wọn ló di àwọn tí ayé mọ̀ sí Nana Benz. Láti ọdún 1960 lọ sókè, àwọn obìnrin yìí ló ń gba àǹkárá lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ Netherlands, tí wọ́n ń tà á kárí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n lówó débi pé Mercedes ni wọ́n ń gùn, tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń yá mọ́tò wọn tó bá ní àlejò pàtàkì. Ìyá àgbà mi ò sí nínú wọn o, kí n má parọ́! Wọ́n ń rajà lọ́wọ́ ẹni tó ń rà lọ́wọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ wọn bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọba.

14/ Ẹ jẹ́ ká dé ibi tó dùn mí jù ní Lomé. Orúkọ Sylvanus Olympio, ṣé ẹ ti gbọ́ ọ rí? Ààrẹ Tógò àkọ́kọ́. Bàbá bàbá rẹ̀, Francisco Olympio, Brazil ló ti wá ní nǹkan bí 1850. Aguda ni wọ́n, bíi ti àwọn ará wa ní Lagos Island. Sylvanus kàwé ní London, ó ṣiṣẹ́ oníṣòwò ní Nàìjíríà kó tó padà sí ìhà ilé. Òun ló kó Tógò dé òmìnira ní 27 April 1960.

15/ Olympio fẹ́ kí Tógò ní owó tirẹ̀, kó kúrò lábẹ́ owó Faransé. Nígbà kan náà, àwọn sójà ọmọ Tógò tó bá Faransé jagun padà délé, wọ́n ní kó gbà wọ́n sínú iṣẹ́ ológun. Ó kọ̀. Orílẹ̀-èdè kékeré ò nílò sójà púpọ̀, òun ò sì fẹ́ fi owó ìlú bọ́ ìbọn. Ní òru 13 January 1963, wọ́n wá a wálé.

16/ Ilé rẹ̀ àti ẹ́ḿbásì Amẹ́ríkà fara kan ara. Ó fo ògiri, ó sá pamọ́ sínú mọ́tò kan nínú ọgbà ẹ́ḿbásì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n fà á jáde, wọ́n yìn ín níbọn lẹ́nu géètì. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Étienne Eyadéma wà nínú àwọn sójà náà. Ó kọ́kọ́ sọ fún àwọn oníròyìn pé òun ló yìnbọn. Nígbà tó yá, ó ní òun kọ́.

17/ Ẹ gbọ́ èyí o. Ní 13 January 1967, ọdún mẹ́rin géérégé sí ọjọ́ yẹn, Eyadéma gba ìjọba. Ó wá sọ 13 January di ọjọ́ ìsinmi, "ọjọ́ ìtúsílẹ̀." Fún ọ̀pọ̀ ọdún, sójà ń yan, ọmọ iléèwé ń jó, ní àyájọ́ ọjọ́ tí wọ́n pa ààrẹ wọn. Ẹ fojú inú wo ẹni tó bá jẹ́ ọmọ olóògbé.

18/ Eyadéma jókòó fún ọdún méjìdínlógójì. Nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ìjọba tiwa-n-tiwa, wọ́n rí ìdáhùn. Ní 11 April 1991, wọ́n gbé òkú tó lé ní 20 jáde nínú ọ̀sà Bè, láàárín ìlú Lomé. Mo yà kúrò létíkun láti lọ wò ó. Ó dákẹ́. Àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́bàá rẹ̀.

19/ Ọ̀sà yẹn ni ìyá àgbà mi ń kọjá lọ sọ́jà. Ní òpin 1992, gbogbo ìlú dáṣẹ́ sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́sàn-án kó tó parí. Ní 25 January 1993, wọ́n yìnbọn sí àwọn tó ń wọ́de. Lọ́jọ́ 30, sójà dà sí ìgboro. Nǹkan bí èèyàn 300,000 ló sá lọ sí Gáánà àti Bẹ̀nẹ̀. Ìyá àgbà mi ní ohun tó bà wọ́n lẹ́rù jù kì í ṣe ariwo ìbọn. Ó ní bí ọjà ṣe dákẹ́ ni.

20/ Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, mo dé pọ́ọ̀tù. Ẹ̀yin tó fẹ́ rìn ín, ẹ gbọ́ o: ẹ ò lè gba inú pọ́ọ̀tù kọjá. Ẹ máa yà sí títì, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ tírélà rìn títí. Mo gbé eéfín mì débi pé ikọ́ mi dúdú. Baguida ni mo sùn.

ỌJỌ́ KEJÌ

21/ Baguida kò jọ ibi tí wọ́n ti dá orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Ilé ìgbafẹ́, igi àgbọn, ẹja sísun. Ṣùgbọ́n ní 5 July 1884, níbẹ̀ ni Gustav Nachtigal ti Jámánì ti bá aṣojú Mlapa III ṣe àdéhùn. Ọba ìlú kékeré kan létí ọ̀sà ni Mlapa. Orúkọ ìlú náà ni Togo. Lédè Ewe, *to* ni omi, *go* ni bèbè. Etí ọ̀sà, ẹ ti rí i. Jámánì mú orúkọ abúlé kan, ó nà án bo àwọn tó wà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà sókè, tí wọn ò mọ ọ̀sà rí.

22/ Láti ibẹ̀ lọ, ẹ máa rí i pé òkun ti ń jẹ ilẹ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé. Iyanrìn etíkun wa kì í dúró sójú kan. Ìgbì ń tì í láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, láti ìhà Gáánà wá sí ìhà Èkó, lójoojúmọ́. Èyí tó bá lọ, òmíràn á wá dípò rẹ̀. Odò Volta ló ń kó púpọ̀ nínú rẹ̀ wá.

23/ Ní 1965, Gáánà parí ìdídò Akosombo lórí Volta. Iyanrìn há sẹ́yìn rẹ̀. Ní 1968, Tógò ṣí pọ́ọ̀tù tuntun Lomé, pẹ̀lú ògiri òkúta tó yọ gọngọ sínú òkun. Iyanrìn tó kù náà há sí ìhà ìwọ̀-oòrùn ògiri yẹn. Ìdí nìyẹn tí etíkun àárín ìlú Lomé fi fẹ̀ rẹrẹ, tẹ́ ẹ lè gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀. Ìhà kejì ńkọ́? Omi ṣì ń kó iyanrìn lọ, ṣùgbọ́n kò sí òmíràn tó ń bọ̀. Ní àwọn ibì kan, mítà 5 sí 10 ló ń lọ lọ́dún kan.

24/ Mo rìn láàárọ̀ yẹn pẹ̀lú àwọn apẹja. Wọ́n á fi ọkọ̀ gbé àwọ̀n lọ sínú òkun, wọ́n á wá tò ní ọ̀wọ́ méjì lórí iyanrìn, wọ́n á máa fi okùn fà á bọ̀, tọkùnrin tobìnrin, pẹ̀lú orin. Mo bá wọn fà á. Ọwọ́ mi bó. Wọ́n rẹ́rìn-ín mi dọ́ba, wọ́n fún mi ní ẹja mẹ́rin. Nígbà tí mo ní Gbodjomé ni mò ń lọ, ẹ̀rín náà dúró díẹ̀.

25/ Mo dé Gbodjomé lọ́sàn-án. Mo ń wá ọ̀wọ́ igi àgbọn tó kọjú sí òkun. Ìtí igi àgbọn ló wà nílẹ̀, gbòǹgbò wọn síta, orí wọn nínú omi. Ògiri kan dá dúró pẹ̀lú fèrèsé, kò sí ilé lẹ́yìn rẹ̀. Mo bá bàbá kan tó ń tún àwọ̀n ṣe. Faransé mi kò délé, ni ọmọkùnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ ní Èkó rí bá dá sí i: "Bùrọ̀dá, ẹ sọ Yorùbá yín jàre, màá bá yín sọ ọ́."

26/ Mo sọ̀rọ̀ ìyá àgbà mi fún wọn, mo júwe ilé náà. Bàbá náà gbọ́ ọ tán, wọ́n fi àgbọ̀n ìsàlẹ̀ tọ́ka sí ibi tí ìgbì ti ń ya, ó jìnnà sí wa díẹ̀. "Ibẹ̀ yẹn ni. Ilé yẹn wà níbẹ̀. Ilé mìíràn wà níwájú rẹ̀. Ọ̀nà mọ́tò àtijọ́ náà wà nínú omi." Wọ́n tún padà sórí àwọ̀n wọn.

27/ Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo ti rìn nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà kí n lè dé ẹnu ọ̀nà kan, ẹnu ọ̀nà náà wà nísàlẹ̀ òkun. Mo ń rò ó pé ìyá àgbà mi jókòó ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé yẹn ṣì dúró ṣinṣin lọ́kàn wọn, pẹ̀lú igi àgbọn rẹ̀.

28/ Ọmọkùnrin náà ní ìdílé obìnrin yẹn ò tíì tán. Ó mú mi kọjá títì. Ìyá náà ti kú. Ọmọ ọmọ wọn ló ń ta gàrí àti ẹja yíyan lẹ́bàá ọ̀nà. Mo kí i, mo dọ̀bálẹ̀ gan-an, ó yà á lẹ́nu. Mo sọ ìdí tí mo fi wá. Ó ní, "Ní 1993? Èèyàn pọ̀ tí ìyá wa gbà. Wọn ò kà wọ́n."

29/ Mo ní ìyá àgbà mi ní kí n sọ pé akpé. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó wá sọ̀rọ̀, ọmọkùnrin náà túmọ̀ rẹ̀: "Ẹ sọ fún wọn pé kò sí gbèsè nílẹ̀. Ní 2005, àwa náà sá. Àwọn tí a ò mọ̀ ló gbà wá sílé ní Bẹ̀nẹ̀." Ó gé àgbọn kan fún mi. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, mo mu ún. Ojú mi ń ṣomi, mo ní òógùn ni.

30/ Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ti 2005: Eyadéma kú ní 5 February. Òfin ní olórí ilé aṣòfin ló yẹ kó bọ́ sípò. Ó wà lẹ́yìn odi. Wọ́n ti bọ́dà pa, bàálù rẹ̀ balẹ̀ sí Kútọnu. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ológun ti gbé ọmọ Eyadéma, Faure, sórí àga. Wọ́n dìbò lóṣù kẹrin, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀. Ìwádìí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní èèyàn 400 sí 500 ló kú. Nǹkan bí 40,000 ló sá.

31/ Ìrọ̀lẹ́ yẹn ni mo dé Agbodrafo, tí àwọn Potogí ń pè ní Porto Seguro, ìyẹn èbúté tó ní ààbò. Ààbò ta? Ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 1835, ti oníṣòwò kan láti Scotland tó ń jẹ́ Wood. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ka òwò ẹrú léèwọ̀ láti 1807. Nítorí náà, wọ́n ń fi wọ́n pamọ́. Abẹ́ ilẹ̀ pákó pálọ̀ ni wọ́n ń kó wọn sí, níbi tí àgbàlagbà ò lè nàró, títí ọkọ̀ ojú omi á fi dé.

32/ Mo wọ abẹ́ ibẹ̀, mo fi ìkún wọ́. Lókè orí mi ni olówó ti ń jẹun. Kò jìnnà síbẹ̀ ni kànga kan wà, wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wẹ̀ fún wọn gbẹ̀yìn. Àsìkò yẹn náà ni Ọ̀yọ́ ń fọ́, tí ogun ń da àwọn èèyàn wa sí etíkun láti ìhà ibí títí dé Èkó. Brazil àti Cuba ni púpọ̀ nínú wọn bá lọ. Mi ò mọ orúkọ ẹnì kan lára àwọn tó jókòó sí abẹ́ pákó yẹn. Mo kàn sọ "ẹ pẹ̀lẹ́" ní Yorùbá, bóyá ẹni kan á gbọ́.

ỌJỌ́ KẸTA

33/ Kí oòrùn tó mú, mo dé Kpémé. Òkun yí àwọ̀ padà, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Fọ́sífeeti ni. Láti 1961 ni wọ́n ti ń wà á nínú ilẹ̀ ní Hahotoé, wọ́n á fọ̀ ọ́ ní Kpémé, ìdọ̀tí á ṣàn sínú òkun, ọkọ̀ á kó èyí tó dáa lọ. Ní 1974, Eyadéma sọ iléeṣẹ́ náà di ti ìjọba. Àwọn èèyàn jó, wọ́n ní ọrọ̀ ti di tiwa. Ẹ lọ wo eyín àwọn tó dàgbà ní abúlé tó yí ibẹ̀ ká, bó ṣe ṣì pa àwọ̀ igi. Ohun tó wà nínú omi àti eruku ló ṣe é.

34/ Mo ronú lórí ẹ̀ bí mo ṣe ń rìn. Wọ́n gbé kòkó gba ibí kọjá, wọ́n gbé òwú, wọ́n gbé èèyàn, wọ́n gbé fọ́sífeeti. Gbogbo ohun tó níye lórí ló ń kọjá létíkun yìí lọ síbòmíì. Àwọn tó ń gbé lórí iyanrìn ló ń wò ó lọ. Iyanrìn náà wá ń lọ báyìí.

35/ Aného rẹwà débi pé èèyàn á bínú. Ọ̀sà àti òkun pàdé níbẹ̀, ìlú wà láàárín. Àwọn tó sá ogun kúrò ní Accra àti àwọn tó wá láti Elmina ló tẹ̀ ẹ́ dó ní nǹkan bí ọdún 300 ó lé sẹ́yìn. Ẹ ti ń rí i bí? Ìlú náà fúnra rẹ̀, àwọn tó sá ló dá a sílẹ̀. Ní Glidji tó wà nítòsí, lọ́dọọdún ní September, wọ́n ń mú òkúta mímọ́ kan jáde nínú igbó. Bó bá funfun, ọdún á dára. Bó bá pupa, kí gbogbo èèyàn ṣọ́ra.

36/ Ọ̀pọ̀ ilé olówó àtijọ́ ní Aného ti lọ sínú omi. Wọ́n ti ń to òkúta ńlá síwájú òkun láti dáàbò bo èyí tó kù. Ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n tò ó sí. Ìgbì á wá lọ jẹ ibi tí òkúta pin sí. Wàhálà ò tán, ó kàn ṣí lọ sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò.

37/ Mo dé Hillacondji ní ìrọ̀lẹ́. Bọ́dà Bẹ̀nẹ̀ nìyẹn. Ariwo, ọ̀kadà, àwọn tó ń ṣẹ́ sefa. Mo jókòó sórí kàn-ń-tì kan, mo ń ka àwọn tó ti kọjá níbẹ̀. 1969: Yorùbá láti Gáánà, wọ́n ń lọ sí ìlà-oòrùn. 1993: ará Lomé, ìlà-oòrùn. 2005: ìlà-oòrùn.

38/ Mo fẹ́ fi ọdún kan sílẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. 1983. January ọdún yẹn, ìjọba wa, ti Nàìjíríà, lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé. Ọmọ Gáánà tó lé ní mílíọ̀nù kan kó ẹrù sínú báàgì tí a wá ń fi ṣẹ̀fẹ̀ títí dòní, "Ghana Must Go." Bọ́dà Gáánà wà ní títì, wọ́n há sójú ọ̀nà, nínú oòrùn, lórí ọ̀nà tí mo rìn yìí gan-an. Ìyá àgbà mi wà ní Lomé nígbà náà. Wọ́n rí wọn. Wọ́n ní àwọn ta omi ní ọ̀fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan torí ojú ń ti àwọn.

39/ Ìyẹn ni mo ṣe ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Tógò nìkan. A máa ń sọ pé "àwọn orílẹ̀-èdè tó dàrú" bí ẹni pé òkèèrè ni. Ìwé ìdánimọ̀ wo ni ìyá àgbà mi mú kọjá níbi mẹ́ta? Kò sí. Ohun tó mú wọn kọjá ni pé ẹnì kan ṣílẹ̀kùn.

40/ Ìjọba ìdílé kan náà ló ṣì wà ní Lomé. Ní 2024 wọ́n yí òfin ìlú padà, ní May 2025 Faure bọ́ sórí ipò tuntun kan tí kò ní iye sáà. Bàbá àti ọmọ, láti 1967. Èmi ò ní sọ fún ọmọ Tógò bó ṣe máa ṣe é. Ilé tèmi náà ń jò.

41/ Ó ku ibì kan. Mo kọjá bọ́dà, mo wọ ọ̀kadà lọ sí Agoué. Mo ti parí 56 mi, ẹsẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Agoué wà lára ibi tí àwọn Aguda dó sí nígbà tí wọ́n ti Brazil dé, ibẹ̀ ni ìdílé Olympio ti bẹ̀rẹ̀ ní Áfíríkà. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin Sylvanus Olympio sí. Ààrẹ Tógò àkọ́kọ́, ilẹ̀ òkèèrè ló sùn sí, ẹ̀yìn bọ́dà díẹ̀. Òun náà sá lọ sí ìlà-oòrùn, lẹ́yìn ikú.

42/ Mo pe ìyá àgbà mi lórí WhatsApp níbẹ̀. Mo ti ń pète irọ́ láti ọjọ́ kejì. Mo fẹ́ sọ pé ilé náà wà, pé igi àgbọn ti ga. Wọ́n bi mí: "Ṣé o dé ibẹ̀?" Mo ní mo débẹ̀, mà. "Ilé náà ńkọ́?" Mi ò lè parọ́ ọ̀hún. Mo ní, "Omi ti gbé e lọ, mà. Ṣùgbọ́n mo rí ọmọ ọmọ wọn. Ó ní kò sí gbèsè."

43/ Wọ́n dákẹ́. Mo ń gbọ́ adìyẹ lẹ́yìn wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n wá ní, "Kò sí gbèsè kẹ̀? Gbèsè wà o. Kì í ṣe òun la máa san án fún ni." Wọ́n ní kí n lọ jẹun, kí n tó sùn kí n fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ ẹsẹ̀ mi.

44/ Ìparí nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ní àgbà nílé tó gbé Gáánà, Tógò, Kútọnu tàbí Abidjan rí, ẹ pè wọ́n lónìí. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n sùn nígbà tí wọ́n ń bọ̀ àti ẹni tó gbà wọ́n. Ẹ kọ orúkọ abúlé náà sílẹ̀. Ẹ wá sọ ọ́ fún mi lábẹ́ ibí, mò ń kó wọn jọ.